Rọ́bà ní ìdí ìbọn Bàbá Kékeré: bí mo ṣe fi í sí i, àti bó ṣe rí nígbà tí a yìn ín

Ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu kan ni Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, fi ń ṣọ́ oko kòkó rẹ̀ lọ́nà Àgọ́-Ìwòyè. Ìwé àṣẹ ọlọ́pàá wà fún un. Ìbọn náà fúyẹ́, kò ju kílò méjì ààbọ̀ lọ, ike líle ni wọ́n sì fi bo ìdí rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Fífúyẹ́ yẹn dára fún ẹni tó ń gbé e rìn nínú igbó, àmọ́ bó bá ti dún, èjìká ló ń jẹyà rẹ̀. Bàbá ti kọjá ọgọ́ta ọdún. Ó ti ń mọ́kàn kúrò lára ìbọn kó tó fà á, ojú rẹ̀ á dì, ọta á sì gba ibòmíràn lọ.

Ọmọ rẹ̀ tó ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó rí fídíò kan níbi tí ará Amẹ́ríkà kan ti ń tún ìbọn ìléwọ́ ṣe, irú 1911 tí John Browning ṣe, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́dún 1911. Òrùka irin kan wà lẹ́nu ìbọn yẹn tó ń di ọ̀pá rẹ̀ mú. Ọkùnrin náà yọ òrùka ọ̀hún, ó fi òmíràn tó yọ síwájú rọ́pò rẹ̀, èyí tí wọ́n la ojú sí lókè. Bí ìbọn bá dún, èéfín gbígbóná tó ń lé ọta jáde á gba ojú yẹn lọ sókè, á sì máa ti ẹnu ìbọn sílẹ̀ kó má baà fò. "Bọ̀dá, ẹ ṣe irú ẹ̀ sí ti Bàbá," ló wí fún mi.

Iṣẹ́ igi ni mo ń ṣe ní Òkè-Ṣópin, Ìjẹ̀bú-Igbó, mi ò kì í ṣe alágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí mo fi ní rárá. Òfin ìbọn ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ ohun tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní, nítorí náà ohun èlò rẹ̀ kò kàn wá. Ká tilẹ̀ pa ti òfin tì, agbára èéfín ni irú òrùka bẹ́ẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ìfúnpá nínú ọta 9mm, irú kan tí ìbọn ìléwọ́ ń lò, lè tó 35,000 pọ́n-ùn lórí íńṣì kan ní ìbú àti òró. Ti ọta .45, tí wọ́n ṣe 1911 fún gan-an, 21,000 ni òpin rẹ̀, òrùka náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí èéfín tó pọ̀ lò níbẹ̀. Kátíríìjì 12 tí ìbọn ọdẹ tiwa ń lò, 11,500 péré ni. Ọ̀pá ìbọn ọdẹ sì gùn: kí ọta tó dé ẹnu rẹ̀, agbára èéfín ti rọ̀ jọjọ. Ohun tó máa ṣẹ́ kù ni ariwo tí yóò máa gbá ẹni tó yìn ín létí. Ta ni yóò tún wá fi dírìlì lu ọ̀pá ìbọn tí òun kọ́ ló rọ ọ́? Kò lè jẹ́ èmi.

Mo ní ká lọ wo ìdí ìbọn, ká fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀.

Rọ́bà ìdí ìbọn wà lọ́jà, wọ́n máa ń ní ihò ihò nínú kó lè rọ̀. Ọmọ náà ra èyí tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ láti Èkó. Kí ó tó dé, mo ti ní kí ṣùmékà kan ládùúgbò wa gé rọ́bà tó fi ń ṣe àtẹ́lẹ̀ bàtà fún mi, mo sì fi okùn so ó mọ́ orí ike náà, kí a lè dán èyí tó rọjú wò ná. A lọ sí oko, níbi tí katakata ti kó òkìtì erùpẹ̀ jọ nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni kì í gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Bàbá nìkan ló yìnbọn, nítorí orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé, ìbọn náà ò sì kúrò níwájú rẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí, kódà nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Gbogbo wa di etí.

Ọ̀nà tí mo fi wọn fífò ẹnu ìbọn kò náni lówó. Mo ri ọ̀pá ọparun mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹnu ìbọn máa wà, lókèèrè díẹ̀ sí ọ̀nà ọta, mo fi ọ̀dà pupa sàmì sí i ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún márùn-ún. Fóònù ọmọ náà máa ń ya àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a gbé e sí ọ̀kánkán. Bí a bá wá rọra wo fídíò náà, a máa rí ibi tí ẹnu ìbọn gòkè dé kó tó padà wálẹ̀. Kátíríìjì inú páálí kan náà la lò, onígíráàmù 32, torí bí ìwọ̀n ọta bá yàtọ̀, ìtàpá náà á yàtọ̀, kò sì ní sí ohun tí èèyàn lè fi wé èkejì.

Ohun tí rọ́bà ṣùmékà kọ́ wa kì í ṣe ohun tí mo ń wá. Ó rọ èjìká lára díẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó mú ìbọn gùn sí i, ìdí rẹ̀ sì ń há sí abẹ́ apá Bàbá nígbà tó bá fẹ́ gbé e sókè. Ibẹ̀ ni mo ti wo ọwọ́ Bàbá dáadáa. Èèyàn kúkúrú ni. Láti ibi tí ìka ti ń fa ìbọn dé àárín ìdí rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 36 ààbọ̀ ni ìbọn náà jẹ́ pẹ̀lú ike rẹ̀. Mo ní kó ṣí ìbọn kí n rí i pé òfìfo ni, kó dì í, kó dijú, kó gbé e sí èjìká, kó tó lajú. Ọrùn rẹ̀ nà bíi ti ìjàpá tó ń wá oúnjẹ. Bí ìbọn bá bá èèyàn mu, àyè bí ìka méjì ló yẹ kó wà láàárín imú àti àtàǹpàkò ọwọ́ tó ń fà á. Ti Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin. Ẹni tó ń na ọrùn báyìí kò lè fi ìdí ìbọn mọ́ èjìká ṣinṣin, àyè tó bá sì ṣẹ́ kù láàárín wọn ni ìbọn fi ń sáré wá gbá a. Lójú mi, gígùn yẹn ti ń pa á lára ṣáájú líle ike.

Sẹ̀ǹtímítà 35 ààbọ̀ la fẹnu kò sí. Ike tó wà níbẹ̀ nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, rọ́bà tuntun jẹ́ méjì ààbọ̀, nítorí náà mo ní láti gé sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta kúrò lára igi. Bàbá ta ọtí díẹ̀ sílẹ̀ fún Ògún kí n tó gbé ayùn. Mi ò bá a jiyàn.

Ẹni tó bá fẹ́ gé ìdí ìbọn, kó kọ́kọ́ wo inú ihò tó wà lábẹ́ ike. Lára ọ̀pọ̀ ìbọn ẹlẹ́nu kan, bóòtù gígùn kan wà nínú igi yẹn tó so ó mọ́ irin, ayùn ò sì gbọdọ̀ kàn án. Ti Bàbá jìn nínú, mo fi sukurudíráfà gígùn mú un le tán ná, torí bí rọ́bà bá ti bò ó, a ò ní lè dé ibẹ̀ mọ́ láìtú u. Mo wá lẹ tépù yí igi náà ká kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má fà ya, mo fa ìlà sórí tépù, mo sì rí i dájú pé ìlà tuntun dọ́gba pẹ̀lú bí ìdí àtijọ́ ṣe dagun. Bí igun yẹn bá yí, ẹnu ìbọn á máa wolẹ̀ tàbí kó máa wòkè nígbà tí èèyàn bá gbé e sí èjìká. Ayùn eléyín wẹ́wẹ́ ni mo lò. Lẹ́yìn náà mo tẹ́ sáńdípépà sórí gíláàsì, mo fi ojú igi yí i lórí rẹ̀ títí tí kò fi sí àlàfo kankan tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà láàárín igi àti rọ́bà.

Ihò ìṣó àtijọ́ kò bá ti rọ́bà mu, mo fi igi wẹ́wẹ́ àti gọ́ọ̀mù dí wọn, mo sì lu tuntun. Rọ́bà yìí kò ní ihò lójú, inú rẹ̀ ni ibi ìṣó wà. Ẹ máa fi ọ̀bẹ ṣóńṣó la ojú tín-ínrín, ẹ fi ọṣẹ pa ìṣó àti sukurudíráfà lára, kí ẹ tó tì í wọlé. Bí ẹ bá yọ ọ́, ojú rọ́bà á padé bí ẹni pé nǹkan kan ò kọjá níbẹ̀. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú ju gbogbo iṣẹ́ tó kù lọ.

Rọ́bà ọ̀hún tóbi ju igi lọ yíká. Mo fi abẹ́rẹ́ fa ìlà etí igi sára rẹ̀, mo tú u, mo sì fi máńsìn lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ dé ibi ìlà. Ẹ bo imú, eruku rọ́bà kò dára láti fà símú. Abẹ́ ibẹ̀ ló le, torí igi ìbọn dagun nísàlẹ̀, rọ́bà sì gbọ́dọ̀ bá ìdagun náà lọ tààrà. Iṣẹ́ ẹni tó kánjú máa ń hàn níbẹ̀. Kí n tó dè é pa, mo kun fáníìṣì sí ojú igi tí mo gé, nítorí ibẹ̀ ni omi ti ń yára wọnú igi jù, òjò Ìjẹ̀bú-Igbó ò sì mọ eré.

A padà sí ìdí òkìtì. Fídíò ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀: pẹ̀lú ike, ẹnu ìbọn kọjá àmì kẹta, pẹ̀lú rọ́bà ṣùmékà, ibẹ̀ náà ni, pẹ̀lú rọ́bà tuntun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibẹ̀ náà ni. Ojú ọmọ Bàbá fà ro. Mo ṣàlàyé fún un pé orí èjìká ni ọ̀pá ìbọn wà, ìdí rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ìlà ọ̀pá yẹn, torí náà bí ọ̀pá bá ti sẹ́yìn, ẹnu gbọ́dọ̀ gòkè. Rọ́bà ò yí ìyẹn padà, bẹ́ẹ̀ ni kò dín agbára tí ọta fi ń ti ìbọn sẹ́yìn kù. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fún agbára náà láyè láti dé èjìká díẹ̀díẹ̀, kí ó má já lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń tẹ́ ẹ káàkiri ibi tó fẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dín agbára gan-an kù, kó fi ìwúwo kún ìbọn: bó bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá wúwo sí i, agbára ìtàpá á fi bí ìdá kan nínú mọ́kànlá dín kù. Mo bi Bàbá bóyá kí n ki òjé sínú ihò ìdí rẹ̀. Ó ní ṣé èmi ni mo máa bá òun rù ú dé oko.

Ọmọ náà ní àwọn tó ń yìnbọn ní Òjúde Ọba kì í mi. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ̀tù lásán ni wọ́n ń yìn, kò sí ọta níwájú rẹ̀. Ariwo ńlá ni, ohun tó ń ti ìbọn sẹ́yìn kéré.

Lọ́dọ̀ Bàbá, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ti fídíò. Nígbà tó yìn ín tán tó tún kó òmíràn sí i, kò fọwọ́ pa èjìká bó ṣe máa ń ṣe. Ojú rẹ̀ ò dì mọ́, a rí i kedere nínú fídíò kan náà. Ọta ń bá páálí tí a gbé kọ́ ní àárín. Bí ẹ bá bi mí, gígùn tó bá a mu ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀, rọ́bà sì ṣe ìyókù. Àléébù kan ṣoṣo tí a rí ni pé orí rọ́bà ń fa aṣọ nígbà tó bá ń gbé ìbọn sókè kíákíá. Mo lọ etí òkè rẹ̀ kó rí róbótó, mo sì kun fáníìṣì fẹ́lẹ́ sí i kó lè máa yọ̀.

Mo ti sọ fún Bàbá kó má fi ìdí rẹ̀ nàró sẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́, rọ́bà á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àti pé kí epo ìbọn má kàn án, torí epo máa ń sọ rọ́bà di jẹ̀lẹ̀jẹ̀lẹ̀. Igi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tí mo gé kúrò wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti ike àtijọ́ àti ìṣó méjèèjì. Ọmọ rẹ̀ ga ju ú lọ púpọ̀. Bí ọlọ́pàá bá gbà láti kọ ìwé àṣẹ sórúkọ ọmọ náà lọ́jọ́ iwájú, màá lẹ̀ ẹ́ padà.