Bí A Ṣe Ń Ya Akọni Géèmù RPG Tí Ojú Yóò Dá Mọ̀ Nínú Píksẹ́lì 48

Ẹni tó bá ń gbá géèmù RPG, ìyẹn géèmù ìtàn tí a ti ń darí akọni kan, lè fi ogún wákàtí wo akọni kan ṣoṣo. Nínú ogún wákàtí yìí, àtàrí akọni náà, ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń rí jù. Ojú tó rẹwà tí ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta yà, ìgbà tí akọni bá ń sọ̀rọ̀ nìkan ló ń yọ. Nítorí náà, àwòrán kékeré tó ń rìn kiri lórí máàpù ni iṣẹ́ gan-an, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀.

Ìwọ̀n RPG Maker MV àti MZ, sọ́fítíwíà tí a fi ń kọ́ géèmù, ni mo fi ṣe àlàyé yìí: píksẹ́lì (ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 48 ní ìbú, 48 ní òró. Tó bá jẹ́ ẹ̀dà VX Ace lẹ ń lò, 32 ni tiyín. Ẹ pín iye tí mo bá pè sí mẹ́ta, kí ẹ mú ìdá méjì nínú rẹ̀. Ẹni tó ń lo Godot, sọ́fítíwíà géèmù mìíràn, lè yan ìwọ̀n tó bá wù ú, ṣùgbọ́n 48 rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Irinṣẹ́ ìyàwòrán kò gbọdọ̀ náni lówó. Ọ̀fẹ́ ni LibreSprite, inú kóòdù àtijọ́ Aseprite ni wọ́n ti yọ ọ́, kò sì béèrè kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Inú bíráúsà ni Piskel ti ń ṣiṣẹ́. Lórí fóònù Android, Pixel Studio tó. Ẹ wá stylus (pẹ́nì ojú fóònù) olórí rọ́bà kan tì í, torí orí ìka máa ń bo ibi tí ẹ ń yà gan-an. Ní ti Photoshop, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu: búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ máa ń fi etí rírọ̀ sára ìlà, bí ẹ kò bá sì rántí mú Pencil, píksẹ́lì tí kò yẹ yóò ti wọlé kí ẹ tó fura.

Ẹ ṣí fáìlì 48 × 48 tí kò ní àwọ̀ kankan lẹ́yìn, kí pẹ́ńsù jẹ́ píksẹ́lì 1. Nínú LibreSprite, ẹ tẹ F7 kí wíńdò Preview yọ, kí ẹ sì fi í sí ìwọ̀n gidi. Ara wíńdò kékeré yẹn ni kí ojú yín máa wà. Ohun tí ẹ bá ń tún ṣe nígbà tí ẹ ti sún àwòrán mọ́jú ní ìlọ́po 16, tí kò sì hàn nínú Preview, òfò ni.

Òjìji ló ń ṣáájú

Ẹ má ya ojú, ẹ má ya bọ́tìnnì. Àwọ̀ dúdú kan ṣoṣo ni kí ẹ fi ya gbogbo ara akọni bí òjìji. Orí gba píksẹ́lì 22, àyà títí dé ìbàdí gba 14, ẹsẹ̀ gba 10, kí 2 ṣẹ́ kù lófo lókè. Orí náà yóò dà bíi pé ó tóbi jù lójú yín; bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Orí ló ń gbé fìlà, irun àti ojú, ìyẹn ohun mẹ́ta tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀.

Kí ìbú ara jẹ́ iye tó ṣeé pín sí méjì. Àárín píksẹ́lì 48 wà láàárín ìkẹrìnlélógún àti ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí orí bá fẹ̀ tó 23, akọni yóò tẹ̀ sí apá kan, yóò sì máa fò díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá yí padà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ohun kan tí yóò já ìrísí orí, àti ohun kan tí yóò yọ níbi ara. Mo ní ohun kan, n ò ní mẹ́ta. Cloud, akọni inú géèmù Final Fantasy VII tó jáde ní 1997, kò ju orí àti ọwọ́ onígun-mẹ́rin lọ nígbà tó bá ń rìn kiri, síbẹ̀ irun rẹ̀ tó rí ṣóńṣó-ṣóńṣó tó láti dá a mọ̀ láàárín èrò. Nínú aṣọ tiwa, abetí-ajá ni mo fara mọ́ jù: etí méjèèjì ń já yíyípo orí, kò sì sí ará abúlé mìíràn nínú géèmù tí ẹ máa fi irú rẹ̀ dé lórí. Gèlè náà dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó gba píksẹ́lì 8 lókè orí, kí ẹ sì dín òró ojú kù kó lè wọ inú 48.

Agbádá ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Lójú pépà, ó gbayì. Nínú 48, ó bo ẹsẹ̀, ó bo ọwọ́, akọni kò rìn mọ́, ńṣe ló ń yọ̀ lórí ilẹ̀ bí àpótí. Bùbá àti ṣòkòtò tàbí dàńṣíkí tó mọ sí ìtan ni kí ẹ lò. Ẹni tí agbádá bá di dandan fún, kó ká apá rẹ̀ sí èjìká, kó sì gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè tó píksẹ́lì 6 kí ẹsẹ̀ lè yọ.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́

Ẹ má ṣe ya àwòrán ńlá kí ẹ wá sọ ọ́ di kékeré. Mo tún un sọ: ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí gbogbo ẹni tó mọ àwòrán yà dáadáa ń ṣe nìyẹn, àwọn gan-an ni iṣẹ́ wọn sì ń burú jù. Wọ́n á ya akọni sí 1000 píksẹ́lì, pẹ̀lú iṣẹ́ ọrùn aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, okùn bàtà, wọ́n á wá pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kó sọ ọ́ di 48.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Láti 1000 sí 48, píksẹ́lì bí 20 ní ìbú ló ń di ẹyọ kan. Ìlà okùn tó fẹ̀ tó 5 kò tó ìdámẹ́rin píksẹ́lì kan mọ́, nítorí náà kọ̀ǹpútà á pò ó mọ́ aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Okùn funfun lórí aṣọ aró á di eérú. Ojú dúdú inú funfun á di eérú. Eyín á pòórá. Èyí tó tún burú jù ni etí ara: gbogbo píksẹ́lì tó wà ní bèbè á di aláwọ̀ ìlàjì, tó ń jẹ́ kí ilẹ̀ hàn láàárín. Lórí ilẹ̀ funfun tí ẹ ti ń yàwòrán, ẹ kò ní rí i. Tí akọni bá wọ ihò òkúta tó ṣókùnkùn, òrùka funfun á yí i ká bí ìgbà tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e jáde nínú ìwé ìròyìn.

Kò sí àtúnṣe tó ń gba irú àwòrán bẹ́ẹ̀ là. Pípa á rẹ́ yá ju títún un ṣe lọ. Àwòrán ńlá ní iṣẹ́ tirẹ̀, èyí tí mo máa dé; sprite, ìyẹn àwòrán kékeré tó ń rìn lórí máàpù, gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ yà láti òdo, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́.

Kí ẹ tó kúrò lórí òjìji, ẹ dán an wò lọ́nà méjì. Ẹ tò ó sáàárín òjìji ará abúlé márùn-ún tó wà nínú géèmù yín, ní ìwọ̀n gidi, kí ẹ na fóònù jìnnà tó bí apá yín ṣe gùn. Bí ẹ bá ní láti wá akọni kí ẹ tó rí i, òjìji kò tíì dára. Lẹ́yìn náà, ẹ fi han ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa géèmù náà, kí ẹ bi í pé, “Kí ló dé sórí?” Bó bá ní “etí ológbò”, ẹ fa etí abetí-ajá wálẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ orí, kì í ṣe láti òkè.

Àwọ̀

Àwọ̀ 14 tó: 3 fún ara, 2 fún irun, 2 fún fìlà, 3 fún aṣọ, 2 fún ṣòkòtò, 1 fún bàtà, 1 fún ìlà ìta. Famicom, ẹ̀rọ tí géèmù Dragon Quest ti jáde ní Jàpáàn ní 1986, kò fàyè gba ju àwọ̀ 3 lọ nínú páléètì (àkójọ àwọ̀) sprite kọ̀ọ̀kan, ìkẹrin rẹ̀ sì ni ibi òfo. Àwọn akọni ìgbà náà ṣì wà nínú ọkàn àwọn tó gbá a.

Ara ènìyàn dúdú ni wọ́n máa ń bà jẹ́ jù. Wọ́n á mú àwọ̀ ara pípọ́n tó bá sọ́fítíwíà wá, wọ́n á fi dúdú bò ó, ara á wá rí bí eérú. Ìṣújì ara dúdú, ìyẹn ibi tí oòrùn kò bà, kì í lọ sí dúdú, ńṣe ló ń lọ sí pupa tó jinlẹ̀. Ibi tí oòrùn bà sì ń lọ sí ọsàn. Kóòdù àwọ̀ tí mo ń lò nìyí: ara gan-an #7A4A2E, ìṣújì #4E2A26, ibi tó ń dán #A86B42. Irun kò gbọdọ̀ bá ìṣújì ara mu, nítorí náà ẹ fi aró díẹ̀ sí i, #1E1A2A, pẹ̀lú ìlà dídán kan, #3A3450, ní òkè orí. Láìsí ìlà yẹn, irun àti iwájú orí á wọnú ara wọn.

Kí aṣọ akọni má ṣe jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ilẹ̀. Orí koríko àti orí erùpẹ̀ ni yóò ti lo ìdajì ayé rẹ̀. Àdìrẹ aláró dára púpọ̀ lórí méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ má ya bátànì àdìrẹ: píksẹ́lì funfun mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ fọ́n sí àyà tó, kí wọ́n sì dúró sí ojú kan náà nínú gbogbo férémù (àwòrán ìrìn kọ̀ọ̀kan), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aṣọ á máa hó bí omi gbígbóná.

Iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn

Nínú Dragon Quest ti 1986 yẹn, iwájú ni akọni máa ń kọ sí ní gbogbo ìgbà. Bó bá ń lọ sókè, ojú rẹ̀ ṣì ń wo yín. Kí ó tó bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ẹni tó ń gbá a ní láti yan ìhà tí ẹni náà wà. Ìgbà tí wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà ní 1989 ni wọ́n tó ya ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn fún un. Ẹ̀yin kò ní àwáwí. Ìhà mẹ́rin ni kí ẹ yà.

Àbùjá tí gbogbo ènìyàn ń gbà ni kí wọ́n ya ẹ̀gbẹ́ òsì, kí wọ́n yí i padà bíi ti inú dígí di ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ó dára, bí apá méjèèjì akọni bá dọ́gba. Bí idà bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, tàbí tí fìlà tẹ̀ sápá kan, dígí á gbé idà bọ́ sọ́wọ́ òsì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn fún idà ọwọ́ ọ̀tún: nígbà tó bá kọjú sí yín, apá òsì àwòrán ló wà, tó bá kẹ̀yìn sí yín, apá ọ̀tún, tó bá ń lọ sí ọ̀tún, gbogbo idà hàn níwájú ara, tó bá ń lọ sí òsì, ara ló bò ó, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló yọ. Mo ń lo dígí, mo wá ń pa idà rẹ́ kí n tún un yà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Abetí-ajá láti ẹ̀gbẹ́: etí kan ṣoṣo ló ń hàn, onígun mẹ́ta tó bo etí akọni. Ẹni tó ya méjì ti sọ ọ́ di ìwo.

Ìrìn rọrùn. Férémù 3 ni fún ìhà kọ̀ọ̀kan, ìdúró wà láàárín. Nínú méjì yòókù, ẹ sọ orí àti àyà kalẹ̀ ní píksẹ́lì 1, kí àtẹ́lẹsẹ̀ má kúrò ní ìlà ìsàlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ń bá ẹsẹ̀ òsì lọ. Orí kì í mì sápá kankan.

Ẹ tò wọ́n sí ṣíìtì, ìyẹn fáìlì kan tó kó gbogbo wọn pọ̀, 144 × 192: ìlà kìíní ń wo ìsàlẹ̀, èkejì òsì, ẹ̀kẹta ọ̀tún, ìkẹrin òkè. Ẹ fi àmì $ ṣáájú orúkọ fáìlì, bíi $Akoni.png, láìní àmì ohùn. Bí $ kò bá sí, RPG Maker á rò pé ènìyàn 8 ló wà nínú rẹ̀, á sì gé akọni yín wẹ́wẹ́. PNG ni, kì í ṣe JPEG láéláé. RPG Maker tún máa ń gbé ènìyàn sókè ní píksẹ́lì 6 kúrò ní ìsàlẹ̀ táìlì (onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan tí máàpù pín sí), nítorí náà ẹ má ṣe rò pé ẹ ṣì í yà. Nínú Godot 4, ẹ yí Default Texture Filter sí Nearest. Bí ẹ bá fẹ́ fẹ àwòrán, ìlọ́po 2 tàbí 3 ni, 1.5 á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó ń gbá a yan irun àti aṣọ fúnra rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣírò: ìhà 4 lọ́nà férémù 3 jẹ́ àwòrán 12. Irun 5 jẹ́ àwòrán 60, aṣọ 4 jẹ́ 48. Ẹ ya ara pẹ̀lú àwọ̀tẹ́lẹ̀ nìkan, kí irun àti aṣọ wà ní layer (ìpele àwòrán tí a tò lé ara wọn) tiwọn. Irun 2 tó dára sàn ju 5 tó jọra.

Àwòrán ojú

Ibí ni àwòrán ńlá yín ti wúlò. Ojú kan jẹ́ 144 × 144, mẹ́jọ sì ni ṣíìtì 576 × 288 gbà. Ibí náà ni ilà ń gbé. Pélé jẹ́ ìlà 3 tó dúró lóròó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan; ìlà 3 àti àlàfo 2 gba píksẹ́lì 5, ẹ̀rẹ̀kẹ́ inú sprite kò sì ju 4 lọ. Nínú sprite, ẹ fi ìlà ìṣújì kan tó gùn tó 2 sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ya pélé pé pérépéré sínú àwòrán ojú. Fìlà, irun àti aṣọ gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ kan náà nínú méjèèjì: ẹ mú àwọ̀ láti inú sprite lọ sí ojú, ẹ má ṣe mú un láti ojú wá sí sprite.

Lákòótán iṣẹ́, ẹ gbé e sínú géèmù, kí ẹ rìn ín lórí koríko, nínú ihò, àti lálẹ́ tí ojú ilẹ̀ ti di aró. Ibi tó bá ti sọnù, ẹ fi píksẹ́lì dídán méjì kún orí fìlà, kí ẹ tún rìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i.