Ẹ má tú inú áńpù àtijọ́ dànù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onígìtá Èkìtì. Tí áńpù onífáàfù àtijọ́ (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, tó ń lo fáàfù onígíláàsì bíi gílóòbù) bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ l'Ádó tàbí n'Íkẹ̀rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì so ó mọ́ iná. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ ná. Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, bíi 117 volt ló ń lò. Iná tiwa jẹ́ 230. Tiransifọ́mà rẹ̀ (èyí tó ń yí agbára iná padà) lè jóná, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ojúlówó tó ṣòro jù láti rí.

Tí áńpù náà bá ń kùn hùn-ùn, capacitor ńláńlá (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́) tó wà ní apá tó ń pèsè iná fún un ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Nínú èyí tí mo ṣe gbẹ̀yìn, nǹkan funfun bí iyọ̀ ti yọ lẹ́nu wọn. Wọ́n lè di 400 volt mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ iná o! Ẹ fi resistor (ohun tó ń dín bí iná ṣe ń ṣàn kù) fa iná inú wọn jáde, kí ẹ fi mítà wò ó dé òdo kí ọwọ́ tó kàn án.

Àwọn capacitor yẹn ni kí ẹ pààrọ̀. Èyí tí ẹ yọ, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí áńpù náà. Fáàfù tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má sì tan áńpù náà láìso sípíkà mọ́ ọn.