Bí Ẹ Ṣe Lè Yẹ Áàpù Ìtọpinpin Àrùn Wò Kí Ẹ Tó Gbà Á Sórí Fóònù Yín

Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, Vivian Balakrishnan, tó jẹ́ mínísítà ní Singapore, fi ọkàn àwọn ará ìlú balẹ̀ pé ìjọba kò ní fi àkọsílẹ̀ inú áàpù TraceTogether ṣe nǹkan mìíràn ju kí wọ́n fi tọpinpin àwọn tó bá alárùn Kòrónà pàdé lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 2021, tí àwọn tó ń lò ó ti ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn olùgbé ibẹ̀ lọ, ìjọba yìí kan náà sọ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé òfin ìwádìí ọ̀ràn fún àwọn ọlọ́pàá láṣẹ láti béèrè fún àkọsílẹ̀ náà. A sì gbọ́ pé wọ́n tilẹ̀ ti lò ó nínú ìwádìí ìpànìyàn kan. Mínísítà náà jẹ́wọ́ pé òun kò ro ti òfin yẹn nígbà tí òun ń ṣèlérí.

Èmi kò gbà pé irọ́ ló pa. Òfin náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí áàpù tó dé, ọkàn rẹ̀ ni kò sì lọ síbẹ̀. Bí ọkàn ẹni tó wà lórí àléfà kò bá lọ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ohun tó kù fún àwa tí a fẹ́ lo áàpù ni kí a yé wo ẹnu ẹni tó ń ṣèlérí, kí a wo bí wọ́n ṣe ṣe nǹkan náà gan-an. Àyẹ̀wò náà kò le, kò sì dìgbà tí èèyàn bá mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kó tó lè ṣe é.

Ta ló lè ka àkọsílẹ̀ náà?

Ìbéèrè yìí ni kí ẹ fi ṣáájú, nítorí pé bí ìdáhùn rẹ̀ bá dára, púpọ̀ nínú àwọn ìbéèrè yòókù ti fúyẹ́. Bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn áàpù wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé fóònù yín á máa fi Bluetooth ju nọ́ńbà kan tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni nínú síta, nọ́ńbà náà á sì máa yí padà ní gbogbo ìgbà, ó sábà máa ń jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún. Fóònù ẹni tó bá jókòó tì yín nínú ọkọ̀ á tọ́jú nọ́ńbà náà, tiyín náà á sì tọ́jú tirẹ̀. Títí dé ibí yìí, gbogbo wọn jọra. Ọ̀nà wọn yà nígbà tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ẹnì kan ti kó àrùn náà.

Ní ọ̀nà kìíní, nọ́ńbà tí fóònù alárùn fúnra rẹ̀ ti ń jù síta nìkan ni yóò fi ránṣẹ́, bí òun fúnra rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn fóònù tó kù á gbé nọ́ńbà wọ̀nyí wò mọ́ èyí tí wọ́n ti tọ́jú, èyí tó bá sì rí i pé wọ́n bára mu á kìlọ̀ fún ẹni tó ni ín, láìjẹ́ pé ìjọba mọ ẹni tó bá ẹni pàdé. Google àti Apple ló gbé ìlànà yìí jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, Jámánì sì lò ó fún Corona-Warn-App tirẹ̀. Ní ọ̀nà kejì, àkọsílẹ̀ gbogbo àwọn tí alárùn bá pàdé ló ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba, ìjọba ló sì máa pinnu ẹni tí yóò pè. Ọ̀nà kejì yìí ni TraceTogether gbà. Lóòótọ́, orí fóònù ni àkọsílẹ̀ náà máa ń wà fún ọjọ́ 25 nígbà náà, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìlera ló ní kọ́kọ́rọ́ tó lè sọ àwọn nọ́ńbà yẹn di èèyàn tó ní orúkọ àti ilé. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé orí fóònù yín ni gbogbo rẹ̀ wà, ẹ béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni Ìlú Ọba kọ́kọ́ dán wò, ní erékùṣù Isle of Wight ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, ṣùgbọ́n wọ́n pa á tì ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Èyí tí wọ́n wá gbé jáde fún England àti Wales ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án gba ọ̀nà kìíní. Àwọn èèyàn wa tó wà ní London nígbà náà á rántí QR code tó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé oúnjẹ: orí fóònù wọn ni àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n dé máa ń wà, ó sì ń pa rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 21.

Láti mọ ọ̀nà tí áàpù kan gbà, ẹ ka àlàyé tó wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀ níbi tí ẹ ti fẹ́ gbà á. Bí ẹ bá rí Exposure Notification, tó jẹ́ orúkọ ìlànà Google àti Apple, níbẹ̀, ọ̀nà kìíní ni. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi nọ́ńbà fóònù tàbí nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín sílẹ̀ kí ẹ tó lè wọlé, ẹ fura pé ọ̀nà kejì ni.

Kí ló ń béèrè lọ́wọ́ fóònù yín?

Èyí ni ẹ máa yẹ̀ wò lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Apps, ẹ tẹ orúkọ áàpù náà, kí ẹ sì wo Permissions. Bluetooth nìkan ló yẹ kí áàpù ìtọpinpin nílò, pẹ̀lú kámẹ́rà bí ó bá ń ka QR code. Bí ẹ bá bá ìwé nọ́ńbà àwọn ọ̀rẹ́ yín, gbohùngbohùn tàbí àwọn fọ́tò yín níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Location ni ó máa ń da ọ̀rọ̀ rú, ó sì ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá fún áàpù tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Lórí Android 10 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀, fóònù kì í jẹ́ kí Bluetooth wá àwọn fóònù tó wà nítòsí bí Location kò bá sí ní títàn, kódà bí áàpù náà kò bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ wà. Kí fóònù ní kí ẹ tan Location yàtọ̀ sí kí áàpù fúnra rẹ̀ gba àṣẹ láti mọ ibi tí ẹ wà. Google àti Apple kò gbà rárá kí áàpù tó ń lo ìlànà wọn béèrè fún àṣẹ yìí. Áàpù Smittestopp, tí Norway gbé jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2020, kò lo ìlànà yẹn: ó ń gba ibi tí èèyàn wà, ó sì ń fi ránṣẹ́ síbi kan ṣoṣo. Nígbà tó di oṣù kẹfà, àjọ tó ń dáàbò bo àṣírí ará ìlú níbẹ̀ kìlọ̀ fún wọn, wọ́n dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n sì pa ohun tí wọ́n ti kó jọ rẹ́.

Òfin wo ló dè é?

Ẹ wá òfin tí wọ́n ṣe nítorí áàpù náà gan-an, nítorí òfin àtijọ́ ló ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọlọ́pàá Singapore. Australia ṣe irú rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2020 fún áàpù rẹ̀, COVIDSafe: ẹni tó bá lo àkọsílẹ̀ náà fún nǹkan mìíràn lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni kí ẹnikẹ́ni fipá mú ẹlòmíràn lò ó. Ní India, òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n ṣe ní oṣù yẹn kan náà: ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ gba áàpù Aarogya Setu, kí wọ́n tó dẹ àṣẹ náà. Ní Nàìjíríà, abala 37 ìwé òfin ọdún 1999 àti òfin ààbò àkọsílẹ̀ ará ìlú tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ló wà nílẹ̀. Èyí kejì gbà yín láyè láti béèrè ohun tí wọ́n ní nípa yín lọ́wọ́, kí ẹ sì fẹjọ́ sùn.

Síbẹ̀, òfin nìkan kò tó. Ní Jámánì, nígbà àrùn Kòrónà, àwọn ilé oúnjẹ máa ń lo áàpù mìíràn, Luca, láti kọ orúkọ àwọn oníbàárà wọn sílẹ̀. Òfin kọ̀ ọ́ pátápátá pé kí wọ́n lo orúkọ wọ̀nyí fún ohun tí kì í ṣe ti àrùn, ṣùgbọ́n ní ìparí ọdún 2021, àwọn ọlọ́pàá ìlú Mainz tó ń wádìí ikú ọkùnrin kan bẹ ọ́fíìsì ìlera, wọ́n sì rí orúkọ gbà. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ibẹ̀ tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kó jọ, kò sí bí ọlọ́pàá ṣe lè gbà á, ìdí nìyẹn tí mo fi fi ìbéèrè kìíní ṣáájú.

Bí ẹ bá ti ń ka ìwé àlàyé wọn nípa àṣírí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pa mọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ kà á. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá hàn síta nílé aṣòfin ni Singapore tún ti tirẹ̀ kọ.

Bí áàpù kan bá yege, mo rò pé ó yẹ kí ẹ lò ó, nítorí orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn onímọ̀ tó ṣèwádìí lórí áàpù England àti Wales fojú bù ú pé láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìparí ọdún 2020, ó dènà àkóràn tó wà láàárín 284,000 sí 594,000.

Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí

Yíyọ áàpù kúrò lórí fóònù kò pa ohun tó ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba rẹ́. Nígbà tí Australia ṣì ń lo COVIDSafe, ẹni tó bá yọ ọ́ pa ohun tó wà lórí fóònù rẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n ó ní láti kọ ìbéèrè lọ́tọ̀ kí wọ́n tó pa èyí tó kù. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ nígbà tí áàpù ṣì wà lórí fóònù, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá ti yí nọ́ńbà padà, ó lè ṣòro fún yín láti fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni àkọsílẹ̀ náà. Bí èsì wọn bá dé, ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò ìwé àlàyé yẹn, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó yọ áàpù náà kúrò.