Àṣìṣe tó ń fa iṣẹ́ másítà Biochemistry gùn

Lórí ìwé, másítà Biochemistry tàbí Biotechnology ní ọ̀pọ̀ fásitì ilẹ̀ Nàìjíríà kì í ju ọdún kan àbọ̀ sí méjì lọ. Ẹ lọ bi àwọn tó ń ṣe é: ọdún kẹta bá ọ̀pọ̀ wọn nínú láàbù. Wọ́n á ní ìyanṣẹ́lódì ló fà á, wọ́n á ní ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ àwọn kì í sí nítòsí. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tó ń dá wọn dúró jù ni àkòrí tí wọ́n mú láì kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílẹ̀.

Ẹnì kan á ka iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Jámánì, á rí i pé RNA (ìtọ́ni tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe protein) inú ẹ̀dọ̀ eku ni wọ́n yẹ̀ wò, á sì kọ ohun kan náà sínú proposal tirẹ̀. RNA kì í fara dà á. Enzyme tó ń bà á jẹ́ wà lára ọwọ́ wa, ó wà lórí tábìlì, omi híhó pàápàá kì í sábà pa á tán. Tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú RNA pẹ́, fírísà −80°C ni. Tí wọ́n bá wá mú iná lọ lálẹ́ Jímọ̀, tí kò sí ẹni tó máa tan jẹnẹrétọ̀ títí di àárọ̀ Mọ́ńdè, iṣẹ́ oṣù mélòó kan ti lọ nìyẹn.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbà pé àkòrí kan ni ẹ máa ṣe, ẹ wọ láàbù yẹn fúnra yín. Ẹ ṣí fírísà wò. Ẹ má fi ìbéèrè mọ sọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan, ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ láàbù: ẹ̀rọ wo ló ń ṣiṣẹ́, èwo ló kàn jókòó síbẹ̀? Ṣé ínfátà wà lára fírísà? Kẹ́míkà tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ńkọ́, ṣé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá? Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ọ̀pọ̀ primer àti kit (ohun èlò tí a fi ń ṣiṣẹ́ lórí DNA àti RNA), wọ́n sì lè pẹ́ lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè nínú ooru. Tí ẹ bá rí i pé agbára ibẹ̀ kò gbé RNA, ẹ bá ọ̀gá yín sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. DNA ń fara dà á ju RNA lọ, iṣẹ́ gidi sì pọ̀ tí èèyàn lè fi DNA ṣe.

Ewé ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò: ewúro, dóńgóyárò, àwọn ewé àgbo mìíràn. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kí èèyàn já ewé, kó sá a, kó lọ̀ ọ́ kúnná, kó tó rántí pé ó yẹ kí onímọ̀ nípa ewéko dá a mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi ojú dá ìyẹ̀fun mọ̀. Ẹ̀ka tútù tó ní ewé, tó sì ní òdòdó tàbí èso tó bá wà, ni ẹ máa gbé lọ síbi bíi FRIN (iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ilẹ̀ Nàìjíríà) n'Íbàdàn, kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà tó ń jẹ́rìí sí irú ewé tó jẹ́. Bákan náà ni ìwé àṣẹ lórí lílo ẹranko: ẹ gbà á kí eku kankan tó wọ àgò.

Àwọn tó fẹ́ fi streptozotocin fa àtọ̀gbẹ sára eku, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Oògùn yẹn ń bàjẹ́ kíákíá nínú omi. Inú citrate buffer (omi tí kì í jẹ́ kí ìwọ̀n ìkan, ìyẹn pH, yí padà) tútù, pH 4.5, ni ẹ máa pò ó sí, kí ẹ sì gún eku lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó pò ó láàárọ̀ tó ń gún eku lọ́sàn-án á máa bínú sí ẹni tó tà á fún un. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, insulin tó ń tú jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì tí oògùn yẹn ń pa lè já ṣúgà eku wálẹ̀ dé ibi tí wọ́n á fi kú. Ẹ gbé omi glucose síwájú wọn mọ́jú.

Tó bá kan gbígba ẹ̀jẹ̀, ẹ má da gbogbo rẹ̀ sínú ìgò EDTA (kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì). EDTA ń di calcium, magnesium àti zinc mú, enzyme alkaline phosphatase kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí magnesium àti zinc. Iye tí ẹ máa rí á kéré, ẹ ó sì rò pé ewé yín ló dín in kù. Ìgò tí kò ní nǹkan kan nínú ni ẹ lò fún èyí.

Ẹ̀jẹ̀ eku kan tí ẹ wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta kì í ṣe eku mẹ́ta nínú ìṣirò yín. Mo ń rí i nínú thesis lọ́tùn-ún lósì, ó sì ń dùn mí, nítorí pé olùdánwò tó mọṣẹ́ á fi ojú kan rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ ṣe é ní ìlú Ọba: láti oṣù Kìíní ọdún 2024, ẹni tó ń lọ fún másítà oníkíláàsì kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, àfi tó bá jẹ́ pé ìjọba ló fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́; wọ́n ṣì gbà fún àwọn tó ń lọ fún ti ìwádìí. Ẹ ka èyí kí ẹ tó ta ilẹ̀ tàbí yáwó. Kí ẹ sì tètè béèrè fún transcript níbi tí ẹ ti kàwé jáde, nítorí pé fásitì tó gbà yín kò ní dúró de ẹni tí ọ́fíìsì ilé ìwé rẹ̀ ń falẹ̀.