Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Oríkèé Ọwọ́ Tó Ń Roni

Bí ìka kò bá ṣeé ká láàárọ̀, tí ife omi ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni, làkúrègbé ni gbogbo wa máa ń pè é. Àmọ́ àìsàn tó wà lábẹ́ orúkọ yìí ju ẹyọ kan lọ, ìtọ́jú wọn kò sì jọra, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á wo ọwọ́ náà dáadáa kí á tó ra oògùn.

Ẹ tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ oríkèé tó sún mọ́ èékánná tàbí ìdí àtàǹpàkò ló ń ro, tí kókó líle yọ lára ìka, tí ọwọ́ sì ń nà kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé lẹ́yìn tí a jí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ohun rírọ̀ tó bo orí egungun ló ti ń gbó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ibi tí ìka ti so mọ́ àtẹ́lẹwọ́ àti ọrùn ọwọ́ ló wú, tí ó mú ọwọ́ ọ̀tún àti òsì, tí ọwọ́ ń gan ju wákàtí kan lọ láàárọ̀, tí ó sì ń rẹni, ìyẹn lè jẹ́ èyí tí àwọn dókítà ń pè ní rheumatoid arthritis, níbi tí agbára tó yẹ kó máa gbèjà ara ti yíjú padà sí oríkèé. Ọ̀dọ́ pàápàá lè ní in. Kò gba ìdúró, nítorí egungun lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láàárín oṣù díẹ̀, èyí tó bá sì ti bàjẹ́ kì í padà sípò. Bí oríkèé kan ṣoṣo bá sì ṣàdédé pọ́n, tí ó gbóná, tí ibà tẹ̀lé e, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Àkàrà ni ìyá mi ń dín. Nígbà tí wọn kò lè po ẹ̀wà mọ́, wọ́n ra oògùn àpòpọ̀ inú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù kan, ọjọ́ kejì ni ìrora lọ, inú gbogbo wa sì dùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ojú wọn wú rìbìtì, ẹ̀jẹ̀ wọn ru. Dókítà ní oògùn steroid, èyí tó máa ń tètè pa ìrora àti wíwú, ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń lo irú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìsọ fún dókítà, nítorí ewu wà níbẹ̀.

Nílé, ẹ ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, kí ẹ máa ṣí i, kí ẹ máa pa á dé nínú omi náà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kí ó fi ìgbọ̀nwọ́ dán omi wò ná, nítorí ìka rẹ̀ lè má mọ gbígbóná. Ìpara diclofenac dára, kì í sì í da inú rú bíi ti oníhóró. Parasitamọ́ọ̀lù 500mg kò gbọdọ̀ ju hóró mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àrùn kíndìnrín tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó bi dókítà kí ó tó lo ibuprofen.

Iṣẹ́ ọwọ́ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. A fi àkísà wé ìdí omorogùn ìyá mi títí ó fi nípọn tó ọrùn igo, wọn kò sì ní láti fún un pinpin mọ́ kí wọ́n tó ro àmàlà. Bí ẹ bá fẹ́ fún aṣọ, ẹ lọ́ ọ mọ́ ẹ̀rọ omi, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí i dípò ìka. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi gbé ìkòkò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì béèrè ìwé tí yóò gbé yín dé ọ̀dọ̀ dókítà oríkèé ní ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH Ìbàdàn tàbí LUTH ní Èkó. Ẹ kọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sílẹ̀, kí ẹ má fi àgbo pamọ́, kí ẹ sì ya fọ́tò ọwọ́ lọ́jọ́ tó bá wú, nítorí wíwú náà lè ti lọ sílẹ̀ kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín tó pé. Wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọn yóò sì ya àwòrán egungun. Bí àwòrán náà kò bá fi nǹkan kan hàn níbẹ̀rẹ̀, kò túmọ̀ sí pé kò sí àrùn.

Methotrexate ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún ẹni tó ní rheumatoid arthritis. Aláboyún kò gbọdọ̀ lò ó. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó, ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè kú. Ó lè gbà tó oṣù mẹ́ta kí ó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, wọn yóò sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ wò láàárín ìgbà náà. Ìyá mi fi bírò pupa yí gbogbo ọjọ́ Àìkú ká lórí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá ti lo tiwọn tán, wọn a fi ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá kí wọ́n tó wé gèlè.