Ẹ Má Fọkàn Tán Ìdájọ́ Geneva: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Ẹjọ́ Òwò Àgbáyé

Bí adìẹ inú yìnyín bá ti kún ọjà, tí bùrọ́ílà ń jẹun kọjá ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n tà á, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn olósìn adìẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde: kí ìjọba gbé àwọn tó ń kó o wá lọ sílé ẹjọ́ òwò àgbáyé, ìyẹn ti Àjọ Okòwò Àgbáyé (WTO) tó wà ní ìlú Geneva ní Switzerland. Ní Ògijo, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ àlòkù irin di rọ́ọ̀dù ìkọ́lé, Ṣáínà ni wọ́n fẹ́ kí á pè lẹ́jọ́ nítorí irin rẹ̀. Ilé ẹjọ́ náà wà lóòótọ́, ó sì ní ìwúlò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba ló ń dájọ́ lé lórí. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ń ṣe jẹun kò sí nínú ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀.

Ẹ má pe fàyàwọ́ ní ẹjọ́ òwò. Nàìjíríà ti fòfin de adìẹ inú yìnyín láti òkèèrè tipẹ́, ọ̀nà ẹ̀bùrú ní apá Sèmè àti Ìdí-Ìrókò sì ni èyí tó ń wọlé ń gbà. Ẹjọ́ tí Àjọ Okòwò Àgbáyé ń gbọ́ jẹ́ ti ìjọba sí ìjọba, lórí òfin tàbí owó ibodè tí ọ̀kan nínú wọn gbé kalẹ̀. Òfin wo ni onífàyàwọ́ ní tí wọn yóò sọ pé kó yí padà? Ọ̀rọ̀ aṣọ́bodè nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ pa láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, Abuja ló pàṣẹ, kò sí adájọ́ Geneva kankan níbẹ̀.

Ẹ má sì sọ pé "ọmọ wa ló wà níbẹ̀." Òótọ́ ni pé Ngozi Okonjo-Iweala ti ń darí àjọ náà láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2021, ṣùgbọ́n olùdarí kì í dá ẹjọ́. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń yàn fún ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tàbí ilé iṣẹ́ kò lè pe ẹjọ́ fúnra rẹ̀, ìjọba nìkan ló lè pè é. Láti 1995 tí Nàìjíríà ti wà nínú àjọ náà, kò tíì pe orílẹ̀-èdè kankan lẹ́jọ́. Ẹni-kẹta ló jẹ́ nínú ẹjọ́ edé tí Íńdíà, Malaysia, Pakistan àti Thailand pe Amẹ́ríkà, ẹni-kẹta kò sì ju ẹni tó wá sọ èrò tirẹ̀ lọ.

Níbi owó gbà-máà-bínú ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Ìdájọ́ àjọ yìí kì í wo ẹ̀yìn. Bí orílẹ̀-èdè kan bá jẹ̀bi, ohun tí wọ́n máa ní kó ṣe ni kó yí òfin rẹ̀ padà láti ìsinsìnyí lọ. Ẹni tó ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa nítorí òfin náà kò ní gba kọ́bọ̀. Amẹ́ríkà bu owó ibodè tó tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé irin òkèèrè ní oṣù kẹta 2002. Wọ́n dá a lẹ́bi ní oṣù kọkànlá 2003, wọ́n sì gbé owó náà kúrò ní oṣù kejìlá. Nǹkan bí oṣù mọ́kànlélógún làwọn onírin rẹ̀ fi wà lábẹ́ ààbò tí ilé ẹjọ́ padà sọ pé kò bófin mu, láìsan owó ìtanràn kankan. Ẹni tó jẹ̀bi ló jèrè.

Ti òwú tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bùràsílì pe Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ ní 2002 lórí owó ìrànwọ́ tó ń fún àwọn àgbẹ̀ olówùú rẹ̀. Bùràsílì jàre títí dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní 2005. Kàkà kí Amẹ́ríkà dá gbogbo owó ìrànwọ́ náà dúró, ó gbà ní 2010 láti máa san mílíọ̀nù 147.3 dọ́là lọ́dún sí àpò àwọn olówùú Bùràsílì, ó sì fi mílíọ̀nù 300 dọ́là parí ọ̀rọ̀ náà ní 2014. Chad àti àwọn ará Kútọnu tó múlé tì wá wà nínú ẹjọ́ yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹni-kẹta. Nínú gbogbo owó yìí, àgbẹ̀ wọn kò rí nǹkan kan.

Bí orílẹ̀-èdè kékeré bá jàre ńkọ́? Antigua pe Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ ní 2003 lórí tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó jàre ní 2005, àwọn onílàjà sì gbà á láyè ní 2007 láti gbẹ̀san tó tó mílíọ̀nù 21 dọ́là lọ́dún. Owó yẹn kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀san kan ṣoṣo tó wọ́pọ̀ ni kí ẹni tó jàre bu owó ibodè lé ọjà ẹni tó jẹ̀bi, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ sì ń rajà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, ara rẹ̀ ni yóò fi owó náà jẹ níyà.

Ẹ ṣírò àkókò pẹ̀lú. Nínú ìwé, 60 ọjọ́ ni ti ìjíròrò, oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ni ti ìgbìmọ̀, 90 ọjọ́ ni ti kòtẹ́milọ́rùn, ẹni tó jẹ̀bi sì lè gba nǹkan bí oṣù 15 láti ṣàtúnṣe. Ọdún méjìlá ni ẹjọ́ òwú gbà. Ní báyìí, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà ti dákẹ́ láti oṣù kejìlá 2019, nítorí Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí wọ́n yan adájọ́ tuntun. Ẹni tó bá jẹ̀bi lè pẹjọ́ síwájú àga òfìfo, kí ọ̀rọ̀ sì kú síbẹ̀. Bùrọ́ílà kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ kó tó dé ọjà.

Ẹ má ka iṣẹ́ tí ààbò gbà là láìka èyí tó pa lára. Amẹ́ríkà bu ìdá 35 lé táyà Ṣáínà ní 2009, ilé ẹjọ́ òwò sì dá a láre. Ìwádìí Peterson, ilé ìwádìí ọrọ̀ ajé kan ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé iṣẹ́ tó gbà là kò ju 1,200 lọ, pé àwọn tó ń ra táyà san nǹkan bí bílíọ̀nù 1.1 dọ́là lé e ní 2011, ìyẹn ju 900,000 dọ́là lọ lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni yóò rí bí owó ibodè bá gorí irin: inú àwọn ará Ògijo á dùn, ṣùgbọ́n àwọn wẹ́dà Ṣágámù ni yóò ra rọ́ọ̀dù wọ́n, wẹ́dà sì pọ̀ ju ilé ìyọ́rin lọ. Ìjẹ̀bú mọ ohun tí ibodè ń jẹ́ kí wọ́n tó dá àjọ òwò yìí sílẹ̀. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́nà Èkó wà lára ohun tó fa ogun Ìmàgbọ̀n ní 1892.

Wọ́n tún máa ń ní Geneva ló so ọwọ́ wa. Àdéhùn Nàìjíríà fàyè gba owó ibodè tó tó ìdá 150 lórí ohun oko, nígbà tí èyí tó ga jù nínú ètò ECOWAS láti 2015 jẹ́ ìdá 35. Láàárín 35 sí 150, Abuja àti ECOWAS ni kí ẹ lọ bá.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé ni kí ẹ kó ìwé ẹ̀rí jọ síwájú ìjọba. Bí ọjà òkèèrè bá ń wọlé ní gbàǹjo, tí iye tí wọ́n fi ń tà á kéré sí ti ilé wọn, ìjọba lè bu owó lé e láìlọ sílé ẹjọ́ kankan. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá bẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣe ó kéré tán ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo irú ọjà náà tí wọ́n ń ṣe nílé, kí àwọn tó fara mọ́ ọn sì ju àwọn tó takò ó lọ. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde nìkan kò fi lè tó, ẹ gbọ́dọ̀ so mọ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Bí ìyàtọ̀ iye owó níbí àti ní ilé wọn kò bá tó ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún, ìjọba yóò jù ú nù. Ẹ kó àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta jọ ní oṣooṣù: iye tí ẹ ṣe, iye tí ẹ tà, iye owó rẹ̀, èrè tàbí àdánù, àti iye òṣìṣẹ́ tí ẹ dá dúró. Bí wọ́n bá sì bu owó náà, ọdún márùn-ún ni ó máa ń lò. Kí ọdún karùn-ún tó pé ni kí ìwé àtúnyẹ̀wò ti wà lórí tábìlì ìjọba.