Bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ géèmù tó ń jẹ dátà, tí mo wá di alájàpá ojú ọ̀run

Dátà ló lé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Mo fowó gidi ra géèmù kan, irú èyí tí èèyàn ti ń wa ọkọ̀ láàárín ìràwọ̀, tí yóò ra ọjà níbì kan, tí yóò lọ tà á níbòmíràn. Èmi nìkan ni mo fẹ́ máa gbá a, n kò wá ẹni tí a ó jọ figagbága. Síbẹ̀, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti já, ó di kí géèmù lé mi jáde, bí ẹrù tilẹ̀ kún inú ọkọ̀ mi. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, owó dátà ti ju iye tí mo fi ra géèmù náà lọ. Ẹni tó ṣe é ló yàn bẹ́ẹ̀, àpò tèmi ló ń san án.

Mo pa á tì, mo wá méjì tí kì í béèrè íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí èèyàn bá ti gbà á sílẹ̀: Oolite àti Endless Sky. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Bí a ṣe ń gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà kò le rárá, ẹ jẹ́ kí n fò ó.

Elite ni Oolite tọ ipasẹ̀ rẹ̀, géèmù tí David Braben àti Ian Bell ṣe fún kọ̀ǹpútà BBC Micro lọ́dún 1984. Kílóbáìtì 32 péré ni mẹ́mórì kọ̀ǹpútà yẹn, síbẹ̀ wọ́n fi ìṣirò ṣẹ̀dá ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ 8, tí ìràwọ̀ 256 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì kankan níbẹ̀!

Ní Oolite, ọkọ̀ Cobra Mk III àti 100 kírẹ́díìtì, ìyẹn owó inú géèmù, ni wọ́n máa fún yín ní Lave, ibi tí géèmù ti ń bẹ̀rẹ̀. Àjàpá gan-an ni òwò náà: ẹ ra oúnjẹ níbi tí wọ́n ti ń dáko, ẹ tà á níbi tí iléeṣẹ́ pọ̀ sí, ẹ ra kọ̀ǹpútà bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe fàyàwọ́ náà lè kó oògùn olóró, kí ó sì fara mọ́ ohun tí ọlọ́pàá bá fi ojú rẹ̀ rí.

Gígúnlẹ̀ ló wá há mi lọ́rùn. Ibùdó tí a ń kó ọjà lọ kò dúró sójú kan, yíyí ló ń yí bí òkòtó. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ onígun mẹ́rin kan lọkọ̀ ń gbà wọlé, òun náà sì ń bá ibùdó yí. Ọkọ̀ yín gbọ́dọ̀ máa yí bákan náà kí apá rẹ̀ méjèèjì lè bá ìbú ihò náà mu. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, ara ọkọ̀ á ha ògiri, agbára ààbò á já wálẹ̀, ọkọ̀ á sì bú gbàmù.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé inú ibùdó nìkan ni a ti lè fi ibi tí a gbá a dé pamọ́. Èèyàn á sá fún ọlọ́ṣà lọ́nà, á kó ẹrù dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà, ẹnu ọ̀nà ni yóò sì kú sí. Gbogbo èrè ìrìn àjò yẹn ti ṣòfò. Bí ó ṣe rí lọ́dún 1984 nìyẹn, àwọn tó ṣe Oolite kò sì yí i padà.

Mo bínú, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún tàn án. Ohun tó là mí lójú ni pé pílánẹ́ẹ̀tì ni ihò yẹn máa ń kọjú sí. Nítorí náà n kì í forí lé ibùdó tààrà mọ́. Màá kọ́kọ́ bọ́ sáàárín ibùdó àti pílánẹ́ẹ̀tì, màá kẹ̀yìn sí pílánẹ́ẹ̀tì, màá dúró títí ihò náà yóò fi wà láàárín gbùngbùn ojú ìran mi, kí n tó máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Bó bá ku díẹ̀ kí n wọlé ni màá tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé oúnjẹ Lave wọ ibùdó Zaonce, níbi tí iléeṣẹ́ wà, láìha ibì kankan, mo dìde dúró, mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Ẹ̀rọ kan wà tó lè bá èèyàn gúnlẹ̀, 1,500 kírẹ́díìtì ni. Ẹni tó ní 100 gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gúnlẹ̀ títí èrè yóò fi pé iye yẹn. Ó dùn mí nígbà náà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n gidi ni: ìrọ̀rùn náà di ọjà tí a fi èrè wa rà.

Ọ̀nà tí Endless Sky gbà yàtọ̀ pátápátá. Ẹ tẹ L, ọkọ̀ á balẹ̀ fúnra rẹ̀. Máàpù á tún fi iye owó ọjà láwọn ibi tí ẹ ti dé hàn yín. Orí gbèsè ni ìnira tiẹ̀ wà: 480,000 kírẹ́díìtì lẹ máa yá kí ẹ tó ra ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ fò láti ìràwọ̀ kan sí òmíràn, ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn, wọ́n sì ti yọ owó gbèsè. Bí ẹ bá gba òṣìṣẹ́, owó iṣẹ́ wọn náà ń lọ. Àdánù ni kí ọkọ̀ rìn lófìfo. Mo gbádùn rẹ̀, àmọ́ kò mú àyà mi já bíi ti Oolite, níbi tó jẹ́ ọwọ́ mi ló ń mú èrè wọlé.

Kí ẹ tó sanwó fún irú géèmù yìí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti rà á bóyá ó ń ṣiṣẹ́ tí dátà bá wà ní pípa. Bó bá sì jẹ́ Oolite lẹ mú, ẹ má tíì ra ọjà. Ẹ jáde ní Lave, ẹ lọ síwájú díẹ̀, kí ẹ yí padà. Ihò tí ẹ gbà jáde á ti kọjú sí yín. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́ ọ.